Ta Ló Láṣẹ Láti Tú Ẹrù Lọ́jà?

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ìjókòó.

Ẹ wo kóńgò tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ fojú sí ìdí rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti fi òòlù lù ú wọnú, ó yọ gegele bí ẹ̀yìn ìjàpá. Ìyá kan tó ń ta gàrí ló tà á fún mi, ẹ̀rín ló sì ń rín. Ó ní kò sẹ́ni tó ń bá òun jà lórí rẹ̀ mọ́, torí gbogbo kóńgò tó wà ní ìlà àwọn, bákan náà ni. Bí ìsọ̀ kan ṣoṣo bá lu kóńgò tiẹ̀, ẹ ó kọjá sí ìkejì. Bí gbogbo wọn bá lù ú ńkọ́?

Bí oúnjẹ bá ti gbówó lórí, epo bẹntiróòlù la kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. A ò purọ́. Láti oṣù May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìsánlú dé Kábà, ní ìpínlẹ̀ Kogi níbí, mọ ohun tójú ń rí. Nígbà tó fi di June 2024, NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò orílẹ̀-èdè, ní owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹ ro ti àwọn ajínigbé tó ń lé àgbẹ̀ kúrò lóko mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí mo fojú ara mi rí. Ní ọjà kan ní ẹkùn wa (mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń ra ata), ọmọkùnrin kan fi ọ̀kadà gbé iṣu wá láti apá Bùnú. Ó fẹ́ ta márùn-ún ní iye tó fi ẹgbẹ̀rún náírà dín sí ti àwọn onísọ̀. Kò tíì tú okùn tán tí ọkùnrin méjì fi dé.

“Ìwé ẹgbẹ́ rẹ dà?”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, oko bàbá mi ni mo ti ń bọ̀.”

Wọn ò nà án, wọn ò bú u. Wọ́n kàn ní kó tà á fún ẹgbẹ́ ní iye tí ẹgbẹ́ bá sọ, tàbí kó dì í padà sílé. Ọlọ́kadà ń dúró gba owó rẹ̀, oòrùn ti mú. Ó tà á. Kí n tó ra ata tán, iṣu yẹn ti wà lórí àtẹ ní iye tí gbogbo ìsọ̀ ń tà á. Kò rìn tó ogún ìṣísẹ̀. Epo wo ló jó láàárín ogún ìṣísẹ̀?

Mi ò ní kí ẹgbẹ́ ọjà má sí o. Àwọn ló ń parí ìjà, àwọn ló ń sin òkú ọmọ ẹgbẹ́, ìyá tèmi náà jẹ àǹfààní wọn. Àmọ́ kí ẹni tó ń tajà tún jẹ́ ẹni tó ń pinnu ta ló lè tà níbẹ̀, wàhálà nìyẹn. Àgbẹ̀ ò rí èrè, olùrà ò rí ẹ̀dínwó.

Òyìnbó pàápàá ń ṣe é. Ní Kánádà, lọ́dún 2017, iléeṣẹ́ Loblaw, tó ní àwọn ilé ìtajà oúnjẹ ńláńlá, jẹ́wọ́ pé àwọn àti àwọn mìíràn panu pọ̀ gbé owó búrẹ́dì sókè fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá. Ní 2023, wọ́n bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 50 dọ́là Kánádà lé Canada Bread, iléeṣẹ́ tó ń ṣe búrẹ́dì.

Nàìjíríà náà lófin tó ka irú ìpanupọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, láti 2019. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló wà nídìí rẹ̀. Ní August 2024, ọ̀gá wọn, Tunji Bello, fún àwọn ọlọ́jà lóṣù kan kí wọ́n tún ìwà wọn ṣe. Ní ọjà tí mo ń sọ, mi ò tíì rí ẹsẹ̀ wọn.

Ọmọkùnrin yẹn kò wọ ọjà mọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà Òmùò ló ń pàtẹ sí, láago mẹ́fà àárọ̀, kí àwọn yẹn tó jí. Mo ra márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá. Ó fi kékeré kan ṣènì.