Onígbọ̀wọ́ Tí Kò Mọ̀ Pé Òun Ṣe Onígbọ̀wọ́

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ áàpù, mo kí yín o.

Ibi ìsọmọlórúkọ ni mo wà lọ́jọ́ kan tí fóònù mi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, nọ́ńbà tí n kò mọ̀ rí ló fi í ránṣẹ́. Àwòrán ìyá tó ń bá mi ránṣọ ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ "OLÈ" gàdàgbà sí i níwájú orí, wọ́n ní kí n sọ fún un kó wá san owó àwọn. Ìyá yìí kò jí nǹkan kan. 15,000 náírà ló yá lórí fóònù láti fi ra òwú àti síìpù. Wọ́n ti yọ èlé kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ọjọ́ méje péré ni wọ́n sì fún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, wọ́n kọ̀wé sí mi, sí àwọn àna rẹ̀, sí pásítọ̀ rẹ̀, títí kan ọkùnrin tó ń bá a tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe.

Ta ló fi wá ṣe onígbọ̀wọ́? Nílẹ̀ wa, wọ́n á pe onígbọ̀wọ́ jókòó, á gbọ́ iye owó, á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Èmi ò jókòó níbì kankan. Áàpù ló ní òun fẹ́ ka gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ìyá náà. Ó tẹ "Allow", torí bí kò bá tẹ̀ ẹ́, kò ní rí owó yá. Bó ṣe fi gbogbo wa dógò nìyẹn. Òun ò mọ̀, àwa náà ò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bínú sí àwọn tó ń lé onígbèsè kiri, ó sì yẹ kí wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ránṣẹ́, ẹnì kan ti jókòó ní ọ́fíìsì, ó ti kọ kóòdù tó ń kó nọ́ńbà lọ, ọ̀gá rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé nọ́ńbà pásítọ̀ ò lè sọ fún wọn bóyá aránṣọ máa lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìtìjú ni wọ́n ń kó pamọ́ dè é. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó Soko Lending lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 ni Google ti ní áàpù ayánilówó kò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù mọ́. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ìjọba Nàìjíríà buwọ́ lu Òfin Ìdáàbòbò Dátà. Òfin yẹn ní ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ nílò ni kí ilé-iṣẹ́ gbà, ó sì ní bí èèyàn bá dákẹ́, ìyẹn kì í ṣe pé ó gbà.

Mo mọ̀ pé yíyá aránṣọ tí kò ní ìwé báńkì kankan lówó kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo alájọ tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ó mọ iye tí oníbàárà ń dá, ó mọ ọjọ́ tí kò rí dá, kò sì bi í léèrè orúkọ àna rẹ̀. Káàdì kan ṣoṣo ni, ọwọ́ oníbàárà ló sì ń wà. Nínú ẹgbẹ́ yín náà, ẹni tó fẹ́ yáwó ti kọ́kọ́ ń fi owó pamọ́, onígbọ̀wọ́ sì ń fọwọ́ síwèé lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bí ẹ bá máa gbé e sórí fóònù, ẹ gbé e bẹ́ẹ̀. Kí owó tó jáde, kí áàpù kọ̀wé sí onígbọ̀wọ́ ní èdè tó gbọ́, kó sọ iye owó àti ọjọ́ ìsanpadà, kó sì jẹ́ kó lè dáhùn pé rárá.

Áàpù tí ẹ fi hàn mí láàárọ̀ yìí ṣì ń béèrè nọ́ńbà àti àwòrán. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá síwájú níbí. Ká jọ yọ méjèèjì kúrò kí ẹ tó lọ sílé.