Camry 2.4: Ẹ Mọ Ọdún Ọkọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Ẹ́ńjìnì Rẹ̀

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń béèrè fídíò yìí. Camry tẹ́ ẹ ń wò yìí, Big Daddy là ń pè é, ti 2004 ni. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, Muscle là ń pè é, ti 2008 ni. Ẹ́ńjìnì kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì: 2AZ-FE. Ní Ìlọrin níbí, láti Ọ̀fà Gáréèjì títí dé Tánkẹ̀, ẹ ò lè dúró pẹ́ sí títì kí ọ̀kan má kọjá níwájú yín, àwọn tó ń ná Àjàṣẹ́ sí Òmù-Àrán náà ń gùn ún. Ẹ tún máa bá a nínú RAV4 àti Highlander kan. Orúkọ kan náà ló ń jẹ́, àmọ́ àìsàn tó ń ṣe Big Daddy kọ́ ló ń ṣe Muscle: Big Daddy ń jo omi, Muscle ń jẹ ọ́ìlì. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń bọ́ sọ́nù.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Písítìn mẹ́rin, fáàfù 16, 2,362 cc. Ẹnu sílíńdà fẹ̀ ní 88.5 mm, písítìn ń rin 96 mm láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Agbára ẹṣin 157 ni Toyota kọ sára ti Big Daddy tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Alùmíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù ẹ̀, ìyẹn ara ẹ́ńjìnì gan-an tí àwọn sílíńdà wà nínú ẹ̀, irin ni wọ́n fi tẹ́ ojú ibi tí písítìn ń gbà. Ẹ rántí alùmíníọ̀mù yẹn, a ń padà bọ̀ lórí ẹ̀. Ṣéènì ló ń yí káàmù, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, kì í ṣe bẹ́líìtì. Ẹni tó bá ní ó ti tó àkókò láti pààrọ̀ táímìǹgì bẹ́líìtì Camry 2.4 yín, ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ọ́ìlì ńkọ́? Big Daddy ń gba lítà 3.8 tí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọn. Muscle ń gba 4.3. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà fún wa jẹ́ lítà mẹ́rin. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó da gálọ́ọ̀nù kan sínú Muscle tó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ọkọ̀ ẹ̀ ò tíì yó kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó yá, ohun àkọ́kọ́. Ẹ má gba ọdún ọkọ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó tà á fún yín. Ẹ wá síbi gíláàsì iwájú, lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, ẹ wo nọ́ńbà ṣásí níbẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni gbogbo ẹ̀. Ẹ kà á láti ọwọ́ òsì, ẹ dúró lórí ìkẹwàá. Tó bá jẹ́ 3, 2003 ni. 4 jẹ́ 2004. 7 jẹ́ 2007, 8 jẹ́ 2008. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí. Ẹ rí ti èyí: 4. Torí náà, omi la máa kọ́kọ́ wá lára ẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì.

Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ ti tutù o. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ tó gbóná, ojú yín ló máa gbà á.

Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì là ń lọ báyìí, apá tó kọjú sí dírẹ́bà, níbi tí páìpù sàlẹ́ǹsà ti jáde. Ìwọ ọmọ yìí, gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn sókè díẹ̀. Ẹ̀ẹ́n, báyẹn. Ibí yìí ni tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, àti búlọ́ọ̀kù ti pàdé. Mo ń fi dígí kékeré hàn yín torí pé ojú lásán ò lè débẹ̀. Ẹ wo ohun tó gbẹ mọ́ ọn yẹn, funfun tó pọ́n díẹ̀, bí iyọ̀ tó gbẹ sẹ́nu ìkòkò. Omi rédíétọ̀ ló ń jò síbẹ̀ tí iná sàlẹ́ǹsà sì ń lá a gbẹ. Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi ní rí omi nílẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ máa máa bu omi kún un ní gbogbo ìgbà.

Ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, ẹ wá ṣáná sí i láì tíì dé e. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ á kọ́kọ́ jáde, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tó bá ń hó yaya láì dáwọ́ dúró, tó tún ń ta omi síta bẹ́ ẹ ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ epo, gáàsì inú sílíńdà ti rí ọ̀nà gbà bọ́ sínú omi nìyẹn.

Níbí yìí ni mẹkáníìkì máa ti sọ pé: "Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ," ìyẹn pèlébé tó wà láàárín tọ́ọ̀pù àti búlọ́ọ̀kù. Irọ́ kọ́, àmọ́ òótọ́ ọ̀hún ò pé. Alájà tó ni ọkọ̀ yìí ti pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì rí ní ṣọ́ọ̀bù kan kó tó gbé e wá síbí. Omi tún padà ń jò. Ẹ wo bóòtù tá a tú lára ẹ̀ lánàá. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ rí nǹkan tó ń dán tó lọ́ mọ́ eyín bóòtù yìí? Alùmíníọ̀mù inú búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Kì í ṣe bóòtù ló jẹ, ihò tó wọ̀ sí ló fà tu. Bóòtù mẹ́wàá ló di tọ́ọ̀pù mọ́ búlọ́ọ̀kù, àwọn tó wà láàárín lápá ẹ̀yìn ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ̀. Nígbà tí iná bá mú ẹ́ńjìnì, alùmíníọ̀mù á wú ju bóòtù irin lọ, á máa fa eyín inú ihò yẹn léraléra títí tí kò fi ní lè di nǹkan mú mọ́. Bẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá sí i, tí bóòtù ò bá ti di nǹkan mú, omi á ṣì wá ọ̀nà jáde.

Ẹ gbọ́ bá a ṣe ń mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá ń tú bóòtù tọ́ọ̀pù, ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn le koko kó sì dún "kán" nígbà tó bá kọ́kọ́ yí. Èyí tó bá rọ̀ lọ́wọ́ yín látìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

Ìwòsàn ẹ̀ ni búṣì. Wọ́n á fi dírílì gbẹ́ ihò náà tóbi sí i, wọ́n á gé eyín tuntun sínú ẹ̀, wọ́n á wá ti búṣì irin wọlé, èyí tí bóòtù gangan á máa wọ̀ sí. Bóòtù M11 ni, ìyẹn ni pé ó nípọn ní 11 mm, eyín kan sí èkejì lára ẹ̀ sì jẹ́ 1.5 mm, nítorí náà búṣì tí kò bá jẹ́ M11 eléyín 1.5, ẹ má gbà á. Dírílì ní láti dúró gangan. Tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́rẹ́, búlọ́ọ̀kù ti bàjẹ́ nìyẹn. Fún ìdí yìí, èmi ò ní fọwọ́ lásán ṣe é, irin atọ́nà tí wọ́n ń dè mọ́ orí búlọ́ọ̀kù ni mò ń lò. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo sì máa ń ṣe. Ẹni tó bá ṣe mẹ́ta tó yọ̀ nìkan, èyí tó kù ń bọ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn náà, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, bóòtù tuntun, tọ́ọ̀kì sípánà, ìyẹn sípánà tó ń wọn bí bóòtù ṣe le tó. Ẹ má fi agbára apá díwọ̀n ẹ̀, ẹ dákun. Àwọn tó ń po gọ́ọ̀mù pa mọ́ inú ihò yẹn, mi ò bá wọn jà, àmọ́ kí wọ́n má gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tó ń bí mi nínú. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti gbóná ní Ìlọrin, pàápàá lásìkò ooru March yìí, tẹmosítáàtì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí omi sí rédíétọ̀, ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ sọnù. Wọ́n ní ibi tó gbóná bíi tiwa ò nílò ẹ̀. Ti ẹ́ńjìnì yìí kì í ṣí títí omi á fi gbóná tó 80 sí 84 lórí ìwọ̀n Celsius, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni pé kí ẹ́ńjìnì tètè gbóná débi tó yẹ kó wà. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, á máa tú epo lé e. Ẹ̀yin lẹ máa pariwo pé epo ń tètè tán. Ihò ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ká wá síbi Muscle.

Àwọn tó ra èyí máa ń yangàn pé omi ò yọ àwọn lẹ́nu. Lóòótọ́, Toyota mú kí eyín ihò bóòtù gùn sí i nínú àwọn ti ẹ̀yìn yìí. Ṣùgbọ́n písítìn wọn ló wá ní ìṣòro tiẹ̀. Ríǹgì kan wà nísàlẹ̀ tó ń há ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, àwọn ihò kéékèèké sì wà lára písítìn tí ọ́ìlì yẹn ń gbà padà sísàlẹ̀. Èédú á dí àwọn ihò yẹn, ríǹgì á gan, ọ́ìlì á máa jó pẹ̀lú epo. Nígbà tí ẹjọ́ ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà, Toyota fa àkókò ìdánilójú gùn lórí àwọn ti 2007 sí 2009, wọ́n sì fi písítìn àti ríǹgì tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà yẹn. Àwa tá a gba tòkunbọ̀ ẹ̀ ò bá wọn débẹ̀.

Ẹ má retí èéfín o. Kátálíìtì, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ǹsà, á jó púpọ̀ nínú ẹ̀ kó tó dé ẹ̀yìn, òun náà á sì bàjẹ́ sí i. Nígbà tí kọ́òdù P0420, tó ń sọ pé kátálíìtì ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, bá yọ lórí síkáànù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gé kátálíìtì. Ẹ kọ́kọ́ yọ géèjì ọ́ìlì wò.

Bá a ṣe ń dán an wò nìyí, ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe é nílé. Ẹ dúró síbi títẹ́jú, ẹ pa á kí ọ́ìlì ó lè ṣàn wálẹ̀, ẹ nu géèjì, ẹ tún tì í wọlé padà, ẹ wá yọ ọ́ wò. Ẹ fi ọ́ìlì 5W-30 kún un dé àmì òkè gan-an. Ẹ kọ nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí: máìlì ni èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Ohun tí Toyota fi ń díwọ̀n ẹ̀ lọ́hùn-ún ni pé, tó bá jẹ ju kúọ́ọ̀tì kan lọ, ìyẹn nǹkan bíi lítà 0.95, láàárín máìlì 1,200, písítìn gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tó ń lọ Ọ̀fà tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ ò ní pẹ́ débẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó tó débẹ̀, torí iná pupa ojú dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn kì í sọ pé ọ́ìlì ti dínkù. Ìgbà tí ọ́ìlì ò bá lágbára láti ṣàn mọ́ ló máa ń tàn, ẹ́ńjìnì ti ń họ ara ẹ̀ nígbà yẹn.

Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì tó ki bíi 20W-50 sí i pé kó má lè jó mọ́. Ó lè dín in kù díẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì kan náà ló ń ti VVT-i, ìyẹn ohun tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, ojú ọ̀nà tó ń gbà sì tín-ín-rín, ẹ́ńjìnì á wá máa lọ́ra. Tí owó písítìn ò bá tíì sí, èmi á ní kẹ́ ẹ máa bu 5W-30 kún un, kẹ́ ẹ tọ́jú lítà kan sínú búùtù. Tí owó bá dé, písítìn àti ríǹgì ni kẹ́ ẹ jọ pààrọ̀. Ríǹgì tuntun lórí písítìn àtijọ́, àwọn ihò kéékèèké yẹn náà lẹ tún gbé padà wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá fẹ́ ra ẹ́ńjìnì Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn ẹ́ńjìnì àlòkù tó ti òkè òkun wá, sí Big Daddy tó yọ̀, ẹ béèrè ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára ẹ̀ àti ọdún ẹ̀. Tó bá jẹ́ ti 2003, ẹ yẹ ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù wò pẹ̀lú dígí lórí ilẹ̀ níbi tó wà. Tó bá jẹ́ ti 2008, ẹ ní kí wọ́n tú pọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún yín. Èyí tí ẹnu ẹ̀ bá dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì, ẹ má sanwó.