Ìjì Ibòmíì, Koríko Etí Òkun Wa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin apẹja tẹ́ ẹ wá láti Ìwópin àti Abígí, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí òkun fi ń ru ní oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, tó ń da koríko àti ìkaraun sórí iyanrìn, nígbà tí a kò rí ìjì kankan lọ́dọ̀ wa?

Ibòmíì ni ìjì náà ti jà. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbà òtútù ni lápá gúúsù ayé lọ́hùn-ún, ìjì líle a sì máa jà lórí Òkun Àtìláńtíìkì. Ìgbì tó bá gbé dìde á rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó já sí etí òkun Ògùn Wọ́tásáìdì. Ìjì á ti rọlẹ̀ níbi tó ti jà, ìgbì rẹ̀ á ṣì wà lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi lè mọ́ kedere, kí omi sì máa ya gun orí ilẹ̀.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni ìgbà ìjì tiwọn. Àpáta ni koríko òkun dì mú níbẹ̀; ìjì á fà á tu, nígbà mìíràn tòun ti òkúta tó dì mú. Àwọn àgbẹ̀ wọn ti ń fi í ṣe ajílẹ̀ tipẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ni etí òkun wa, kò sí ibi tí koríko á dì mú. Èyí tí ẹ ń rí ní òkìtì òkìtì, àlejò ni.

Sargassum ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú ẹ̀ka kan lọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó: ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, etí ewé rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́, kò ní gbòǹgbò, nǹkan róbótó tó tó hóró ẹ̀wà sì so mọ́ ọn lára. Ẹ tẹ ọ̀kan fọ́. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń mú un léfòó. Bó bá ṣẹ́ sí méjì, méjèèjì á máa dàgbà lọ. Ọdún 2011 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́pọ̀ yanturu. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, sátẹ́láìtì rí i tó tò láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé ìyawọlẹ̀ omi Mẹ́síkò, 8,850 kìlómítà, ó sì ju mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ.

Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ koríko ọ̀sà o. Àwa tí a mọ̀ pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, la tún rí àjèjì olódòdó elésè àlùkò kan, tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth, tó gba Bàdágírì wọlé ní 1984. Ìyẹn ní gbòǹgbò, omi iyọ̀ sì ń pa á. Bí ẹ bá rí i tó rọ sí etí òkun, àgbàrá òjò ló tì í jáde láti inú ọ̀sà.

Ti ìkaraun ńkọ́? Àwọn ẹran kéékèèké tí ìkaraun wọn jẹ́ ìlàjì méjì wà lábẹ́ iyanrìn wa. Bí ìgbì bá hú wọn jáde, kíá ni wọ́n á na ẹsẹ̀ wọn kan ṣoṣo, wọ́n á tún rì wọlé. Ìgbì ńlá ni kì í fún wọn láyè, tó ń gbé wọn jù síbi tí omi kò ní padà dé. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa á ní ẹran ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èékánná kàn án. Èyí tó bá lanu tí kò pa á dé ti kú, oòrùn wa kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó bàjẹ́. (Ẹ má sì wá owó ẹyọ níbẹ̀. Láti Maldives àti Zanzibar, ní Òkun Íńdíà, ni ọkọ̀ òyìnbó ti kó púpọ̀ nínú èyí tí àwọn bàbá ńlá wa ná wá.)

Àwọn kan ní kí àwa náà kó Sargassum sóko, ká fi ṣe ajílẹ̀. N kò fara mọ́ ọn báyìí: iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń fa ásẹ́níìkì, tó jẹ́ májèlé, mọ́ra láti inú òkun. Ká kọ́kọ́ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bó bá ti ń rà, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ á bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á máa ta ojú àti ọ̀fun. Ẹ tètè kó o, ṣùgbọ́n ẹ tú u wò ná, ọmọ alábahun òkun a máa sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, bí ẹ bá bá a pàdé lójú omi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ kọjá.