Louis Hébert ti Quebec àti Àwọn Ọmọ tí Ọmọbìnrin Rẹ̀ Bí

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí gbogbo yín. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Louis Hébert, ohun tí àwọn òpìtàn kan máa ń sáré sọ ni pé òun ni baba àwọn ará Kánádà tí ń sọ èdè Faransé. N kò bá wọn jà lórí iyì ọkùnrin náà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ka ìran rẹ̀ ni mo ń bá wọn jà lé lórí, nítorí pé orúkọ ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, orúkọ ọ̀hún sì ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́.

Ìlú Paris ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1575. Apoògùn ni Nicolas Hébert, baba rẹ̀, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ baba. Jacqueline Pajot ni ìyá rẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé orúkọ yìí, nítorí Jean de Poutrincourt, ọlọ́lá tó mú un lọ sí Port-Royal ní Acadia, ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń tẹ̀dó sí ní etíkun ìlà-oòrùn Kánádà, ní ọdún 1606, ọmọ ilé Pajot ló fi ṣe aya. Kí ọ̀rọ̀ tó kan àwọn ọmọ pàápàá, ìdílé ìyá ló ti la ọ̀nà òkun fún un. Ní ọdún 1613, Samuel Argall kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá láti Virginia, wọ́n dáná sun Port-Royal, Hébert sì padà sí Paris.

Ní ọdún 1617, Samuel de Champlain, Faransé tó dá ìlú Quebec sílẹ̀, rọ̀ ọ́ pé kó wá tẹ̀dó sí Quebec. Ilé-iṣẹ́ tó ní àṣẹ òwò awọ ẹranko ṣèlérí 200 écu, owó Faransé àtijọ́, lọ́dún fún ọdún mẹ́ta. Hébert ta ilé rẹ̀, ó kó Marie Rollet aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn, Anne, Guillemette àti Guillaume, ó di èbúté Honfleur. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò náà ti yí ohùn padà, wọ́n ní ìdajì owó ni àwọn yóò san, àti pé gbogbo ará ilé rẹ̀, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀, ni yóò máa sin ilé-iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ti ta ilé, ibo ni yóò padà sí? Ó fọwọ́ sí i. (Ẹ̀rín sọ nígbà tí mo ní kì í ṣe àwọn tí ń báni wá físà lónìí ló dá àṣà náà sílẹ̀.)

Ó dáko lórí òkè Quebec, ó ń tọ́jú aláìsàn, ìbáà jẹ́ Faransé, ìbáà jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Wọ́n fún un ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1623. Ó ṣubú lórí yìnyín, ó sì kú ní oṣù kìíní ọdún 1627.

Ta ló wá gbé ìran náà ró? Anne kú nígbà ìbímọ, kò fi ọmọ sáyé. Guillaume, ọmọkùnrin kan ṣoṣo, kú ní ọdún 1639. Àwọn jagunjagun Iroquois, ọmọ onílẹ̀ tó ń bá àwọn Faransé jà, mú Joseph ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1661, orúkọ náà kò sì ré kọjá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ Hébert tó wà ní Acadia àti Louisiana, ọmọ Antoine àti Étienne ni wọ́n, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí kò sí àkọsílẹ̀ tó so wọ́n mọ́ apoògùn Paris. Guillemette, tó fẹ́ Guillaume Couillard ní ọdún 1621 tó sì bí ọmọ 10, ló sọ ìdílé náà di ọ̀pọ̀. Àwọn tó ń ka ìran bí ẹni pé ọkùnrin nìkan ló ń bímọ, ẹ bá mi kí wọn.

Alága ti ń wo aago, nítorí náà mo kàn mẹ́nu ba a pé nígbà tí àwọn Kirke, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, gba Quebec fún Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1629, Rollet àti Couillard kò kúrò. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti dìde, tó bèèrè pé, “Ẹ̀yin bàbá, ta ló wà nínú ilé náà tí kò sí nínú ìlà ìdílé?”

Ìbéèrè yẹn ló gba ìyókù àkókò wa. Àwọn Kirke mú ọmọdékùnrin kan tó wá láti Madagascar dé, wọ́n tà á, ẹni tó rà á sì fi ta Couillard lọ́rẹ ní ọdún 1632. Àlùfáà Paul Le Jeune kọ́ ọ ní ìwé. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1633, ó sì di Olivier Le Jeune. Ní ọdún 1638, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é fún odindi ọjọ́ kan nítorí pé kò lè fi ẹ̀rí gbe ẹ̀sùn tó fi kan Nicolas Marsolet, ògbufọ̀ kan ní Quebec. Àmì àgbélébùú ló fi ṣe ìbuwọ́lù sínú ìwé ẹjọ́ náà. Ó kú ní ọdún 1654, ìwé ìsìnkú rẹ̀ sì pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀, kò pè é ní ẹrú. Àwọn kan ti gùn lé èyí pé Couillard ti dá a sílẹ̀. Ìwé ìdásílẹ̀ ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ wọn.