Irin Ìfárùngbọ̀n Wo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Rà?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Ilé-Ifẹ̀ níbí ni mo ti ń kí yín. Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi: irin ìfárùngbọ̀n, èyí tí wọ́n ń ki abẹ fẹ́lẹ́ sí, irú tí àwọn bàbá wa fi ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀ Sunday kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbéèrè kan náà lẹ sì ń bi mí ṣáá: "Bùọ̀dá, èwo ló mú jù níbẹ̀?"

Ẹ dúró ná. Ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣì í gan-an nìyẹn! Irin kì í mú. ABẸ LÓ Ń MÚ! Nígbà tí King Camp Gillette gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1904, ọgbọ́n tó dá ni pé kí abẹ jẹ́ ohun téèyàn ń yọ dànù, kí irin wà títí. Abẹ olójú méjì tẹ́ ẹ bá rà ní Lágere, á wọ irin tó ti Jámánì wá, á wọ ti Ṣáínà. Bí irin ṣe ń yọ abẹ síta tó lẹ ń yàn.

Ẹ sún mọ́ mi. Mo gbé e síwájú ojú báyìí, bí ẹni tó fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ rí ìlà tín-ín-rín tó ń dán yẹn? Abẹ nìyẹn. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín òun àti etí irin. Bó bá fẹ̀, tí abẹ sì yọ síta dáadáa, oníjàgídíjàgan ni. Bó bá há, tí abẹ kàn yọjú díẹ̀, oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ yí i síbì kejì. Bí abẹ bá yọ lápá kan ju ìkejì lọ, tẹ́ ẹ tú u, tẹ́ ẹ tún un tò, tí ò yí padà, ẹ dá a padà fẹ́ni tó tà á.

Oníwà pẹ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ rà. ONÍWÀ PẸ̀LẸ́, ẹ jọ̀ọ́! Irun tiwa ká kò. Bẹ́ ẹ bá gé e wọlẹ̀ jù, ṣóńṣó orí rẹ̀ á ṣẹ́rí padà, á gún ara wọlé. Òun ló ń di kókó wẹ́wẹ́ lábẹ́ àgbọ̀n, tẹ́ ẹ̀ ń pè ní bọ́ǹpù.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, eléyín bíi ti ìyarun ni, oníjàgídíjàgan gidi. Mo fi fá irùngbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó kan ní Iléṣà. Léèsì funfun ni mo wọ̀. Kí wọ́n tó gbé ìrẹsì dé, ẹ̀jẹ̀ ti tò sí ọrùn aṣọ mi, tó-tó-tó. Ó dùn mí gan-an. Ilé iṣẹ́ Mühle ti Jámánì ń ṣe irin kan tó ń jẹ́ R89, ó tún ń ṣe òmíì tó ń jẹ́ R41. R89 ni kẹ́ ẹ mú, R41 le. Irin Merkur 34C náà dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwúwo ńkọ́? Ẹ rántí àyọ́ọ̀nù eléèédú? Ìyá mi kì í tẹ̀ ẹ́ rárá. Á kàn máa darí ẹ̀ ni, ìwúwo rẹ̀ ló ń na aṣọ. Irin yìí náà nìyẹn! Ẹ mú èyí tó wúwo díẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ọwọ́ yín lá máa tì í. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lo oníke tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí: Ẹ MÁ TẸ̀ Ẹ́! Ẹ MÁ TẸ̀ Ẹ́ O!

Ọwọ́ irin náà, ibi tẹ́ ẹ máa dì mú, kó ní ìlà wẹ́wẹ́ káàkiri, torí ọṣẹ máa ń jẹ́ kó yọ̀. Alápá mẹ́ta ni mo fẹ́ràn: ẹ tú u, ẹ ṣàn án, ó tán. Èyí tó ń ṣí bí ìyẹ́ labalábá rẹwà, àmọ́ ọṣẹ máa ń há sí oríkèé rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá rà á tán, tó ṣì ń ta yín lára, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ abẹ kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ irin. Ó yá, omi mi ti gbóná. Ẹ jẹ́ ká fá a.