Bí Olivia Colman ṣe ṣe Ellie Miller nínú Broadchurch

Ẹ káàbọ̀. Bí ẹ kò bá tíì wo ìpele kìíní Broadchurch, eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n, ẹ dá fídíò yìí dúró ná, torí a máa dárúkọ apànìyàn.

ITV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde ní 2013, apá mẹ́jọ. Wọ́n bá òkú Danny Latimer, ọmọ ọdún 11, ní etíkun. Olivia Colman ni Ellie Miller, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń bá Danny ṣọ̀rẹ́, tí òun àti Beth, ìyá Danny, náà sì jọ ń ṣọ̀rẹ́. Ipò tó ń retí níbi iṣẹ́, àjèjì ni wọ́n gbé e fún: Alec Hardy, ìyẹn David Tennant.

Joe, ọkọ Ellie, ló pa ọmọ náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ Colman ti le. Bí ó bá fi ojú fura sí Joe pẹ́rẹ́, àṣírí ti tú sí wa lọ́wọ́. Bí ó bá sì ya òmùgọ̀ jù, ta ló máa gbà pé ọlọ́pàá ni? Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí ojú Ellie là sí gbogbo ìlú, àfi sí inú ilé ara rẹ̀.

Ẹ padà sí apá keje. Ellie ń bi Susan Wright, obìnrin kan ní ìlú náà, pé báwo ló ṣe bá ọkọ burúkú gbé tí kò mọ̀. Kò sí àánú nínú ohùn rẹ̀ rárá. Ní apá kẹjọ, ìbéèrè yẹn gan-an ni Beth bi òun náà.

Ìran tí gbogbo ayé ń sọ nípa rẹ̀ wà ní apá kẹjọ yìí. Látìbẹ̀rẹ̀, "Miller" ni Hardy ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ellie sọ pé òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá tí Hardy ti sọ fún un pé Joe ló pa Danny, ó pè é ní Ellie. Ẹ má gbójú kúrò lára Colman látìgbà yẹn. Ó kọ́kọ́ jiyàn. Lẹ́yìn náà ni èébì ń gbé e, tó sì sá sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ká ní igbe ló fi bẹ̀rẹ̀ ni, kò ní sí ibi tó máa gbé e lọ mọ́, torí ó ṣì máa rí Joe. Nígbà tó sì rí i, ìpá ló ń ta á, títí wọ́n fi wọ́ ọ jáde.

BAFTA, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn òṣèré fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ní àmì ẹ̀yẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó ta yọ jù ní 2014, ó sì tọ́ sí i. Ìpele kejì, 2015, kò wú wa lórí tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìpá yẹn padà jáde níbẹ̀: nítorí lílù yẹn ni ilé ẹjọ́ ṣe da ìjẹ́wọ́ Joe nù.