Kámẹ́rà Tí À Ń Gbé Mì: Bí A Ṣe Ń Wo Ààrin Gbùngbùn Ìfun

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ìfun kékeré gùn tó nǹkan bíi mítà 6, ó sì ká jọ sínú ikùn. Rọ́bà oníkámẹ́rà tí dókítà ń tì gba ẹnu wọlé kì í sábà kọjá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tì gba ihò ìdí kò sì ju ìparí rẹ̀ lọ. Àárín méjèèjì ni ẹ̀jẹ̀ ti lè máa ya díẹ̀díẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ara aláìsàn ń dínkù, wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi òní dá lé, nítorí òun ni kámẹ́rà agbémì, ìyẹn kámẹ́rà kékeré bíi hóró oògùn tí aláìsàn ń gbé mì, wúlò fún jù.

Gavriel Iddan, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Ísírẹ́lì tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ojú tí ohun ìjà fi ń ríran, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro èrò náà ní 1981. Dókítà Paul Swain náà ń lépa ohun kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, láìjẹ́ pé wọ́n jọ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n pawọ́ pọ̀. Ní 2000 ni wọ́n kéde iṣẹ́ náà nínú ìwé ìròyìn Nature, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí ìlò rẹ̀ ní 2001.

Kámẹ́rà yìí kò ju mìlímítà 26 ní gígùn àti 11 ní ìbú lọ. Iná, awò, bátìrì àti ohun tí ń fi àwòrán ránṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ń ya àwòrán 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún bíi wákàtí 8, àwòrán rẹ̀ sì ń lé ní 50,000. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní ẹ́ńjìnnì. Bí ìfun ṣe ń fún oúnjẹ síwájú ló ń fún un síwájú, bí ewé tí odò ń gbé lọ. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ikùn tàbí tí wọ́n dè mọ́ ìbàdí ń gba àwòrán náà sílẹ̀, aláìsàn yóò sì yàgbẹ́ kámẹ́rà náà jáde láìsí ìrora.

Ẹ jẹ́ kí a farabalẹ̀ gbọ́ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè dúró, kò lè padà sẹ́yìn, kò lè gé ẹran ara fún àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Inú àpòlúkù fẹ̀ ju kí a fọkàn tán an pé ó rí gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹni tí òkè ikùn ń dùn fi í rọ́pò rọ́bà oníkámẹ́rà kìkì nítorí pé ó rọrùn láti gbé mì.

Ewu tí mo ń bẹ̀rù jù ni kí ó há. Bí ìfun bá ti fún, bóyá nítorí àìsàn Crohn tí ń mú kí ìfun máa wú fún ìgbà pípẹ́, ìtànṣán tí wọ́n fi wo jẹjẹrẹ, tàbí oògùn ara ríro tí ènìyàn ti lò pẹ́, kámẹ́rà náà lè dúró síbẹ̀, ó sì lè di iṣẹ́ abẹ. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè kọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní hóró mìíràn tí ń yọ́ fúnra rẹ̀, láti mọ̀ bóyá ọ̀nà là. Títí yóò fi dájú pé kámẹ́rà ti jáde, aláìsàn kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ MRI, èyí tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara.

Ẹ̀jẹ̀ inú ìfun a máa ya, a sì máa dá. Bí wọ́n bá tètè gbé kámẹ́rà náà fún aláìsàn, láàárín ọjọ́ 2 tí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe jù kí ó rí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. Mo gbà pé ìjáfara lórí èyí ń gba àǹfààní lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aláìsàn. Bí àwòrán kò bá sì fi nǹkan kan hàn, tí ẹ̀jẹ̀ tún ń dínkù lára rẹ̀, kí ẹ má gbà pé ìwádìí ti parí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọn yóò tún un gbé fún un.